Ta Ni Yóò Yá Opó Náà Ní Ìkòkò?

Bíbélì kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:1-7, Mátíù 25:14-30



Àwa Aláàdúrà mọ òróró dáadáa. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí á wo ìkòkò. Olówó fẹ́ kó ọmọ opó náà méjèèjì lẹ́rú nítorí gbèsè. Èlíṣà kò fún un lówó. Ó bi í léèrè ohun tó wà nílé rẹ̀, ó sì ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò. Ọlọ́run ló ṣe iṣẹ́ ìyanu, àwọn aládùúgbò ló yá a ní ìkòkò. Ìgbà tí ìkòkò tán ni òróró dúró. Èlíṣà ní kó ta òróró náà, kó san gbèsè, kí òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ máa jẹ ìyókù.

Ní 1968, Ìgbìmọ̀ Àwọn Ìjọ Àgbáyé ṣe àpéjọ ní Uppsala, ní ilẹ̀ Sweden. Àwọn kan béèrè níbẹ̀ pé: owó tí ìjọ fi pamọ́, iṣẹ́ kí ló ń ṣe? Wọn ò fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ fún ogun tàbí fún ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa. Ní 1975, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands. Oikocredit ni orúkọ rẹ̀ lónìí. Ọdún yẹn kan náà ni Church of the Lord (Aladura) ti ilẹ̀ wa di ọmọ Ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ìjọ kan ń lọ́ra, àwọn ọmọ ìjọ kó ara wọn jọ, wọ́n ń fi owó kékeré ra ìpín. Ẹgbẹ́ náà ń yá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti iléeṣẹ́ kéékèèké lówó ní Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà.

Báwo ló ṣe ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́? Ẹ wo àgbẹ̀ kòkó. Owó iléèwé ọmọ dé, kòkó ò tíì pọ́n. Ó tà á sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀, tàbí kó fi oko dógò. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ bá rí owó yá, wọ́n á sanwó fún un bó ṣe ń kó kòkó wá. Nígbà tí oníbàárà bá san tiẹ̀, wọ́n á dá owó olówó padà. Owó yẹn á tún lọ bá ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ẹ̀yáwó kì í ṣe sàráà. Ọ̀dá lè dé, iye owó kòkó lè wálẹ̀. Bó bá sì jẹ́ owó òkèèrè la yá, tí náírà bá já, gbèsè á wúwo sí i. Nítorí náà, kí ìwé ìṣirò wà, kí èlé má pa ni, kí á má yá ẹnikẹ́ni ju agbára rẹ̀ lọ, kí àwa náà má baà di olówó tó ń kó ọmọ opó.

Àwa ńkọ́? Lọ́jọ́ ìkórè, a mọ orúkọ ìyá elélùbọ́ àti télọ̀ tí a ó pè síwájú. Lóru, a ń bá wọn gbàdúrà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ọ̀dọ̀ elówó sogúndogójì ni wọ́n ń lọ, owó ìjọ sì wà ní báńkì. Ìkòkò òfìfo lórí pẹpẹ ni owó yẹn, ará. Ẹ jẹ́ kí á gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò:
1. Kí ni Èlíṣà kọ́kọ́ bi opó náà?
2. Kí ló fà á tí òróró fi dúró?
3. Ta ló wà láàárín wa tó ní òróró, tí kò ní ìkòkò?

Kí Olúwa la ojú wa. Àmín.