Ẹ Bèèrè Inú Kí Ẹ Tó Mú Àwọ̀

Ẹ̀yin onílé tó ń kọ́ ilé gogoro l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábújà, ẹ̀yin náà tó ń gbé ilé alájà púpọ̀ ní London, ọ̀rọ̀ tí kò dùn létí ni mo gbé wá o. Páànù dídán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ilé látòkè délẹ̀ yẹn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní alukobọ́ọ̀dù, ó lè pa gbogbo ẹni tó sùn sẹ́yìn rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló burú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó burú àti èyí tó dára, ojú kan náà ni wọ́n ní.

Ẹ wọ ìsọ̀ ẹni tó ń tà á, kí ẹ wò ó. Ìwé àwọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín: pupa, eérú, aláwọ̀ igi, wúrà, fàdákà tó ń kọ mànà. Ìyàwó á nawọ́ sí ọ̀kan, ọkọ á nawọ́ sí òmíràn, ayàwòrán ilé á ní eérú ló wà lóde báyìí. Wọ́n lè fi ọ̀sẹ̀ méjì jiyàn lórí eérú. Ta ló bèèrè ohun tó wà láàárín? Abala alumíníọ́mù méjì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni páànù yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nípọn tó nǹkan bí ìdajì mìlímítà, wọ́n wá há nǹkan mìíràn sáàárín wọn bí ẹní há ẹyin sínú búrẹ́dì. Nínú èyí tó léwu jù, ike ni wọ́n há síbẹ̀, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti kẹ́ẹ̀gì, ọmọ epo rọ̀bì àti gáàsì. Nínú èyí tó dára, ẹbu òkúta tí kì í jó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kun àwọn méjèèjì. Awọ fẹ́lẹ́ ló bonú tí kò jẹ́ ká rí ikùn aṣebi.

Ẹni tó bá ní mò ń dẹ́rù ba ènìyàn lásán, kó rántí Grenfell Tower ní ìwọ̀-oòrùn London. Ilé kankéré alájà 24 ni, ó ti lo bí ogójì ọdún kí wọ́n tó wọ aṣọ tuntun fún un, iṣẹ́ tí wọ́n parí ní 2016. Wọ́n fẹ́ kí ilé náà móoru nígbà òtútù. Ìyẹn kò burú. Wọ́n tún fẹ́ kó dùn ún wò fún àwọn tó ń wò ó láti àdúgbò. Ìyẹn náà wà nínú ìwé ètò wọn. Páànù síńkì ni wọ́n kọ́kọ́ gbèrò, wọ́n fi alumíníọ́mù oníke rọ́pò rẹ̀ kí owó lè dín kù. Àwọ̀ tí wọ́n mú ńkọ́? Orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un ni fàdákà aláwọ̀ èéfín. Mi ò bù mọ́ ọn o.

Ní òru ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, fìríìjì kan gbiná nínú ilé ìdáná ní àjà kẹrin. Kí àwọn panápaná tó ráyè wọ ibẹ̀, iná ti yọ lójú fèrèsé, ó ti mú páànù. Àyè tó wà láàárín páànù àti ògiri sì ń fà á sókè bí ọ̀fun ààrò. Kò tó ìdajì wákàtí tó fi débi òrùlé.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn tó ń dùn mí jù wà. Ní téńté orí ilé náà, wọ́n ti fi páànù kan náà ṣe ọ̀ṣọ́ yí i ká. Àwọn ayàwòrán ilé pè é ní adé. Ẹwà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Martin Moore-Bick, adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, darí sọ ní 2019 pé adé yìí gan-an ló gbé iná yí ilé náà po. Iná rìn lórí rẹ̀ láti ìhà kan dé ìhà kejì, ike tó ń yọ́ ń kán sílẹ̀ tòun ti iná lára rẹ̀, ó sì ń ran àwọn àjà ìsàlẹ̀. Ènìyàn 72 ló kú.

Wọ́n ti sọ fún àwọn ará ilé tipẹ́ pé bí iná bá ṣẹ́ ní yàrá ẹlòmíràn, kí wọ́n jókòó sínú tiwọn kí wọ́n sì tilẹ̀kùn. Ìmọ̀ràn yẹn bọ́gbọ́n mu fún ilé kankéré tí iná kì í kúrò nínú yàrá kan bọ́ sí èkejì. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ fún ilé ló sọ ọ́ di ìmọ̀ràn ikú.

Grenfell nìkan kọ́. Ní Melbourne, ní Australia, ní 2014, àjókù sìgá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kẹjọ ilé gogoro kan ti tó. Páànù gbé iná náà dé òkè ilé kí ìṣẹ́jú 15 tó pé.

Nílé, ní Nàìjíríà, ńkọ́? Báǹkì, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé epo ti wọ aṣọ yìí. Ní báyìí ó ti dé ara ilé tí ọmọdé ń sùn sí, tí sílíńdà gáàsì àti bátìrì ínfátà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ọkọ̀ panápaná yóò sì la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kọjá kó tó débẹ̀. Cocoa House, ilé gogoro n'Íbàdàn, jóná ní 1985. Kankéré rẹ̀ dúró, wọ́n tún un ṣe, ó ṣì wà ní Dùgbẹ̀ títí dòní. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ wọ alukobọ́ọ̀dù fún un, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀ fún wa.

Ẹ̀yin onílé, kí ẹ tó ṣí ìwé àwọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìdánwò iná páànù náà hàn yín, kí àmì A2, ìyẹn àmì ohun tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè jó, wà níbẹ̀. Ìwé nìkan kò tó o. Àbọ̀ ìwádìí Grenfell tó jáde ní 2024 sọ pé àwọn tó ń ṣe irú ọjà wọ̀nyí fi ètò gidi ṣe màgòmágó lórí ìdánwò iná. Nítorí náà, ẹ gé ègé kékeré kan nínú ẹrù tó dé síbi iṣẹ́ gan-an, ẹ gbé e síta gbangba, ẹ ṣá làìtà sí inú rẹ̀. Bó bá ń yọ́, tó ń kán tòun ti iná bí àbẹ́là, ẹ dá ẹrù náà padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de ohun tó ń jó lára ilé gbígbé tó ga ju mítà 18 lọ láti 2018; ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọjà wa ṣe ààtàn ohun tí wọ́n kọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ bi onílé léèrè ohun tó lẹ̀ mọ́ ara ilé yín. Lálẹ́ òní, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ́wọ́, ẹ fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti àjà yín dé ìta, kí wọ́n mọ ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ẹ ka iye àtẹ̀gùn tó jáde síta. Ọ̀kan ṣoṣo ni Grenfell ní.