Aṣọ Ńlá Kọ́ Ni Ènìyàn Ńlá: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Fíìmù Fight Club

Fíìmù Amẹ́ríkà kan, Fight Club, ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. David Fincher ni ó darí rẹ̀ ní ọdún 1999, láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Chuck Palahniuk gbé jáde ní 1996. Ìjà inú rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń rántí. Ẹ jẹ́ kí a tún un wò.

1. Ohun ìní
Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí kò rí oorun sùn ni ó ń sọ ìtàn náà. Ó fi àga àti tábìlì inú ìwé ìpolówó ọjà IKEA kún ilé rẹ̀. Síbẹ̀, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an títí fíìmù fi parí: a mọ ohun tí ó rà, a kò mọ ẹni tí ó jẹ́. Tyler Durden, ọ̀rẹ́ tí ó pàdé nínú ọkọ̀ òfuurufú, ń jí ọ̀rá tí wọ́n fà lára àwọn olówó, ó ń fi í ṣe ọṣẹ, ó sì ń tà á padà fún wọn.

2. Ta ni mí?
Nígbẹ̀yìn ni a mọ̀ pé Tyler kì í ṣe ẹlòmíràn. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ni. Ẹwà àti ìgboyà tí ó rò pé òun kò ní ni ó fi mọ ọ́n.

3. Ṣé ìjà ni akin?
Àwọn ọkùnrin ń lu ara wọn lábẹ́ ilé ọtí kan kí wọ́n lè mọ̀ pé ọkùnrin ni àwọn. Kò pẹ́, ẹgbẹ́ ìjà di ẹgbẹ́ ogun: aṣọ dúdú, orí fífá, kò sí orúkọ, kò sí ìbéèrè. Wọ́n sá fún ìpolówó ọjà, wọ́n bọ́ sábẹ́ Tyler. Ìgbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Bob ni wọ́n tó dá orúkọ rẹ̀ padà fún un. Alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Fíìmù náà ní àbùkù kan: Tyler dùn ún wò jù, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi í ṣe àwòkọ́ṣe.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje, ọdún 1999 kan náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ 5 ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fi aṣọ, orúkọ ìnagijẹ àti ìbúra pè ọ́ pé wá di ọkùnrin, rántí Bob.

Ìbéèrè fún ìjíròrò
(a) Kí ni a ní tí a kò bá ní owó lọ́wọ́?
(b) Ta ni akin: ẹni tí ó lè lu ènìyàn, tàbí ẹni tí ó lè sọ pé òun kò ṣe?