Adìẹ Ń Làágùn: Ìdí tí Kọ̀ǹpútà Fi Ń Háǹgì Lẹ́yìn Wákàtí Mélòó Kan

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti gírámà tàbí ti ìtàn. Ti ẹ̀rọ tí ó wà lórí tábìlì ọ́fíìsì wa ni.

Ní sáà kejì, nígbà tí ọyẹ́ mú, kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò èdè Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ sí í háǹgì. Bí a bá tàn án ní aago mẹ́jọ àárọ̀, yóò máa ṣiṣẹ́ geere. Bí ó bá di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ojú rẹ̀ yóò dúró gbagidi, máòsì kò ní rìn, kíbọ́ọ̀dù kò ní dáhùn, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ yóò sì ṣòfò. Ẹnì kan ní kòkòrò kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní virus, ni. Wọ́n pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, wọ́n tún Windows gbé sí i. Àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa bá a lọ, nítorí kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ní ọjọ́ kejì, ní aago mọ́kànlá, ó tún háǹgì.

Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà rí.

1. Kọ́kọ́ wo àkókò

Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mú bébà àti bírò. Kọ aago tí o tàn án, aago tí ó háǹgì, àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́. Nígbà tí ó bá háǹgì, pa á, kí o tún un tàn lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn, bí ó bá háǹgì, pa á kí o jẹ́ kí ó sinmi fún wákàtí kan kí o tó tàn án. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí o tàn lójú ẹsẹ̀ kò lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, tí èyí tí ó sinmi sì tún lo wákàtí mẹ́ta, ooru ni kí o kọ́kọ́ fura sí. Virus kì í sinmi kí ara rẹ̀ tó yá.

2. Wo bóyá ẹrù ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn

Kì í ṣe ooru nìkan ní ń pẹ́ kí ó tó hàn. Ètò kan lè máa gba àyè nínú RAM díẹ̀díẹ̀ láìdá a padà, títí àyè yóò fi tán. Tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager lè ṣí. Wo iye RAM tí a ti lò ní aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Bí iye náà bá ń gòkè láìdúró nígbà tí o kò ṣí iṣẹ́ mìíràn, ètò tí ó wà lókè pátápátá ni kí o pa. Tiwa kò gòkè. Nítorí náà a yà sí ọ̀rọ̀ ooru.

3. Kí ni ooru ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà?

Processor ni ọpọlọ ẹ̀rọ yìí. Iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá ń di ooru. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé irin oníyẹ̀rì tí a ń pè ní heatsink lé e lórí, tí wọ́n sì fi fáànù sí i. Láàárín processor àti irin náà, wọ́n fi ọ̀rá funfun tàbí eléérú kan kùn ún, kí ooru lè kọjá láìsí àlàfo. Bí erùpẹ̀ bá dí ojú irin náà, tàbí tí ọ̀rá náà bá gbẹ, ooru kò ní rí ọ̀nà jáde. Ọ̀pọ̀ processor òde òní máa ń dín eré ara rẹ̀ kù bí ooru bá súnmọ́ ìwọ̀n 100 ti Celsius. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ á pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n RAM àti àwọn ẹ̀yà mìíràn lórí motherboard lè ti máa ṣi ìṣirò ṣe kí ó tó dé ibẹ̀, háǹgì sì nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ oríta Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà Àkúrẹ́ àti ọ̀nà Ẹfọ̀n-Aláayè ti pínyà, ẹ mọ eruku tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń tú sókè nígbà ọyẹ́. Fáànù kọ̀ǹpútà ń fa gbogbo rẹ̀ mì.

4. Ìdánwò kan tí kò náni ní kọ́bọ̀

Pa ẹ̀rọ náà, yọ wáyà iná rẹ̀, tú pátákó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tún un tàn láìdé e, kí o kọ fáànù orí tábìlì sí i, má sì ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí kò bá háǹgì mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà, o ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Tiwa kò háǹgì títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

5. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Yọ wáyà iná rẹ̀ pátápátá. Fọwọ́ kan irin ara àpótí náà kí o tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, nítorí nígbà ọyẹ́, iná kékeré tí ń ta wá lára bí a bá bọ́ aṣọ lè ba RAM jẹ́. Gbé e síta. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá erùpẹ̀ náà, kí o fi ìka di abẹ fáànù mú kí ó má baà yí. Nínú tiwa, erùpẹ̀ ti dì mọ́ irin náà bí òwú ìrọ̀rí. Fi spírítì nu ọ̀rá tí ó ti gbẹ kúrò, kí o fi tuntun tí kò ju èso ẹ̀wà kan lọ sí i. Má ṣe tú àpótí tí ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà láéláé. Iná lè wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti yọ wáyà.

6. Bí kò bá jẹ́ ooru ńkọ́?

Yọ RAM, fi rọ́bà ìpàwérẹ́ nu eyín rẹ̀, dá a padà. Bí ó bá jẹ́ méjì, dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wo iná ilé: ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí 230 volt; bí ó bá ń lọ sókè sódò, ra sitabiláísà. Lẹ́yìn náà, wo àwọn capacitor, àwọn agolo kéékèèké tí ó dúró lórí motherboard. Bí orí wọn bá wú tàbí tí omi jò lára wọn, ibẹ̀ ni àìsàn wà.

Èyí kan àwa tí ń ra tòkúnbọ̀. Láàárín 2003 sí 2005, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà OptiPlex ni Dell tà, capacitor búburú sì wà nínú púpọ̀ wọn. Ní 2005 ilé-iṣẹ́ náà ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe. Ní ọdún 2005 kan náà, Basel Action Network tẹ ìwádìí jáde lórí ọjà kọ̀ǹpútà àlòkù ní Èkó: nǹkan bí kọ̀nténà 500 ní ń wọlé lóṣooṣù, àwọn oníṣòwò sì sọ pé ó tó mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹrù náà tí kò ṣeé tún ṣe. Nítorí náà, kí o tó sanwó, ní kí wọ́n ṣí i, kí o sì wo inú rẹ̀. Ní kí wọ́n tàn án fún wákàtí méjì lójú rẹ.

Ìparí

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun kan ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan; bí o bá yí mẹ́ta pọ̀, o kò ní mọ èyí tí ó wò ó sàn. Kọ̀ǹpútà wa ti padà sẹ́nu iṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀rá díẹ̀ ló wò ó sàn. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wa kò tíì pé. Láti inú rẹ́jísítà àtijọ́ ni a ti ń ṣà wọ́n jọ, ikán sì ti jẹ ojú ewé díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé ètò ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde tirẹ̀ nílé, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀dà méjì ni a ó máa ṣe: ọ̀kan nínú flash, ọ̀kan lórí bébà.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí a fi ní kí a kọ aago tí kọ̀ǹpútà háǹgì sílẹ̀?
2. Báwo ni a ṣe lè fi Task Manager mọ̀ pé kì í ṣe ooru ni?
3. Sọ ohun méjì tí kì í jẹ́ kí ooru jáde lára processor.
4. Kí ló burú nínú kí a pa ohun gbogbo rẹ́ kí a tó mọ àìsàn?