Fèrèsé Kọ̀ǹpútà Tí Ó Farasin Kò Sọnù

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí fèrèsé tí ó máa ń pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àti bí a ṣe lè fi ìka ọwọ́ kápá wọn.

Kí ni fèrèsé? Ohun tí a bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà, ìbáà ṣe ìwé tí à ń tẹ̀ tàbí àwòrán, inú àyè tirẹ̀ ni yóò ti hàn. Àyè náà ni fèrèsé. Bí a bá ṣí òmíràn, ó lè bo ti àkọ́kọ́, bí ìgbà tí a gbé wàláà kan lé òmíràn.

Ní ọdún kan tí à ń tẹ èsì ìdánwò, ọmọ tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ kò rí fèrèsé máàkì mọ́. Ó rò pé ó ti sọnù, ni ó bá tẹ bọ́tìnnì ìpaná mọ́lẹ̀ títí kọ̀ǹpútà fi kú. Iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́, máàkì kíláàsì méjì, lọ ráúráú. Bẹ́ẹ̀ fèrèsé náà wà lábẹ́ àwọn yòókù. A kò bá a wí. Àwa ni a kò kọ́ ọ.

Ẹ wo ibi pẹlẹbẹ tí ó wà nísàlẹ̀ kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà alágbèéká: tọ́ọ̀ṣìpáàdì nìyẹn. Ìka kan ni a fi ń darí ọfà, méjì ni a fi ń yí ojú ìwé sókè sódò. Mẹ́ta ni ti fèrèsé. Lórí Windows 10, tí ó jáde ní 2015, àti Windows 11, ẹ gbé ìka mẹ́ta lé e, kí ẹ rọra fà wọ́n sókè. Gbogbo fèrèsé tí ó wà ní ṣíṣí yóò kéré, wọn yóò tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kí ẹ wá tẹ èyí tí ẹ ń wá. Bí ẹ bá fà wọ́n sísàlẹ̀, gbogbo wọn yóò kúrò lójú. Ẹ fà á sókè, wọn yóò padà. Ọ̀tún tàbí òsì yóò gbé yín láti iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Kọ̀ǹpútà Mac náà ń tẹ́ fèrèsé báyìí láti 2011. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ti orí tábìlì lè ra Magic Trackpad sí i.

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá, ẹ nu ọwọ́ gbẹ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí omi a máa dà á láàmú. Tọ́ọ̀ṣìpáàdì àtijọ́ mìíràn kò sì gba ìka mẹ́ta. Irú rẹ̀, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ Tab. Iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.