Ilé Ìsìn Àkè àti Ìwé Ìrántí

Bí a bá kúrò ní Ìgbógìlà, tí a gba Ayétòrò dé Abẹ́òkúta, a ó rí ṣọ́ọ̀ṣì Pétérù Mímọ́ ní Àkè. Ta ló dá a sílẹ̀? Nígbà wo ni? Wọ́n ní ògiri létí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò lẹ́nu. Ìwé ló lẹ́nu.

Ìwé sọ fún wa pé ní oṣù kìíní ọdún 1843, òyìnbó kan, Henry Townsend, wá wo Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní 1846, òun àti Àlùfáà Samuel Ajayi Crowther wá láti máa gbé ibẹ̀. Ní 1821 ni wọ́n ti kó Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn. Abẹ́òkúta ló ti tún rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún 25! Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Báwo la ṣe mọ ọjọ́ náà? Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ilé ìsìn àkọ́kọ́ ti lọ. 1898 ni wọ́n kọ́ èyí tí à ń wò lónìí.

Ẹ mọ bí a ti ń mọ ilé amọ̀. A ó mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òmíràn ti lé ní ọdún 800. Bàbá kọ́ gbọ̀ngàn, ọmọ fi ilé agogo kún un, ọmọ-ọmọ fẹ fèrèsé. Ní 1538, ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹni tó ṣe ìrìbọmi, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí a sin. Báyìí ni orúkọ tálákà náà ṣe wọ ìwé.

Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? A ń wó ilé ìsìn amọ̀, a ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló po amọ̀ ti àkọ́kọ́? Àwọn obìnrin wo ló pọn omi? Àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ṣọ́ọ̀ṣì ni o, mọ́ṣáláṣí ni o, kí ẹ tó wó o, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù tọ àgbà lọ.

Ìbéèrè
1. Ọdún wo ni Crowther àti ìyá rẹ̀ tún ríra?
2. Kí ni wọ́n pàṣẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1538?
3. Ẹ kọ orúkọ ẹni mẹ́ta tó kọ́ ilé ìsìn yín.