Àsíá Búlúù: Ẹ̀kọ́ Lórí Ìbọ̀wọ̀ fún Òfin Láti Inú Eré Ìje Gókáàtì

Ète ẹ̀kọ́ yìí

Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, òǹkàwé yóò lè ṣàlàyé ìdí tí òfin fi ń dáàbò bo ẹni tí ó yára àti ẹni tí kò yára bákan náà. Yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdíje àti ìjà. Yóò sì lè tọ́ka sí ojúṣe ará ìlú àti ojúṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ní ojú pópó.

Ìrọ̀lẹ́ ní Maiduguri

Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní Maiduguri, tí ooru ọ̀sán sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ojú pópó a kún. Àwọn kẹ̀kẹ́ NAPEP láti Bulumkutu, Gwange àti Bolori a máa rọ́ gba àárín ìlú, olúkúlùkù a sì fẹ́ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti di ẹsẹ̀ ìlú yìí láti oṣù Keje ọdún 2011, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ọ̀kadà nítorí àwọn apànìyàn tí ń fi í ṣọṣẹ́. Ní oríta, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ta ni yóò kọ́kọ́ kọjá, ta ni yóò sì dúró?

Ìbéèrè yìí kò kéré. Ìlú tí kò bá rí ìdáhùn sí i ní oríta kò ní rí ìdáhùn sí i ní ibi ìpín oúnjẹ, ní ẹnu kànga tàbí ní ibùdó ìdìbò. Láti wá ìdáhùn náà, ẹ̀kọ́ yìí yóò mú òǹkàwé lọ sí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò pé a ti lè kọ́ ìwà ọmọlúàbí: pápá eré ìje abẹ́ òrùlé, ní alẹ́ tí àwọn eléré tí ó mọ ara wọn dáadáa péjọ láti fi ọkọ̀ kékeré díje. Kò di ìgbà tí ìlú kan bá ní irú pápá bẹ́ẹ̀ kí àwọn ará rẹ̀ tó lè jẹ èrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀.

Ibi tí eré náà ti ṣẹ̀

Gókáàtì ni ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní òrùlé, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí ìjókòó rẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀ gan-an. Ní ọdún 1956, Art Ingels, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkan ọkọ̀ eré ìje ní California ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi ọ̀pá irin àti ẹ́ńjìnì kékeré irú èyí tí a ṣe fún ẹ̀rọ ìgékoríko kan ti àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lou Borelli ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí eré náà fi tàn kálẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1962, àjọ FIA, tí ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ ní àgbáyé, ti dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ fún un.

Láti inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Lewis Hamilton ti jáde. Ìlú Stevenage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní ọdún 1985, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó sì wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gókáàtì díje. Bàbá rẹ̀, Anthony, ń ṣe ju iṣẹ́ kan lọ nígbà kan náà kí ó lè rówó eré ọmọ náà. Ní ọdún 2008, Hamilton di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ Formula One.

Lóde òní, bátìrì ni ọ̀pọ̀ pápá abẹ́ òrùlé ń lò dípò epo, kí èéfín má baà ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná kò sì ṣàjèjì ní Maiduguri. Ìlú yìí gan-an ni Mustapha Gajibo ti sọ bọ́ọ̀sì àti kẹ̀kẹ́ NAPEP elépo di èyí tí ń lo iná mànàmáná láti ara oòrùn, tí ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ sì tàn ká orílẹ̀-èdè ní ọdún 2021. Ọgbọ́n ọwọ́ kò wọ́n ní Borno. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń wá ni ọgbọ́n ìbágbépọ̀ tí ó yẹ kí ó bá ọgbọ́n ọwọ́ rìn.

Bí alẹ́ ìdíje ṣe ń lọ

Àwọn tí ń pàdé fún irú ìdíje yìí kì í ṣe ẹni tí a ń sanwó eré fún. Wọ́n lè jẹ́ olùkọ́, amọ̀fin, mẹkáníìkì tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ti jáde iṣẹ́ òòjọ́. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ṣeré. Nítorí pé wọ́n ń pàdé lemọ́lemọ́, wọ́n mọ ẹni tí ń tètè bínú, wọ́n mọ ẹni tí kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n sì mọ ẹni tí kò ṣeé fi ẹ̀yìn hàn ní kọ́nà.

Kí ẹnikẹ́ni tó jókòó sínú ọkọ̀, olùdarí eré a kọ́kọ́ pe gbogbo wọn jọ, a sì ka òfin sí wọn létí. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún yóò jókòó ti ẹni tí ó dé ní alẹ́ náà fún ìgbà àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì yóò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò dé akoto. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn a wọn olúkúlùkù; ẹni tí ó bá fúyẹ́ jù a gbé òjé tàbí irin sínú ọkọ̀ rẹ̀, kí ara fífúyẹ́ má baà di àǹfààní tí kò tọ́. Ìbò ni wọ́n fi ń pín ọkọ̀, wọn a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ láti ìdíje kan sí òmíràn, nítorí pé ọkọ̀ kan lè dára ju èkejì lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ ni ó ń ka àkókò, kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá.

Ó yẹ kí òǹkàwé kíyè sí ìtò yìí. Òfin kọ́kọ́ dé, ìdọ́gba tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìtò yìí bá yí padà, tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ kí òfin àti ìdọ́gba tó dé, ẹni tí ó bá pàdánù kò ní gbà pé òun pàdánù. Yóò ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́.

Ohun tí àsíá ń sọ

Ariwo ń bẹ ní pápá, akoto sì ti bo etí. Nítorí náà, àsíá ni wọ́n fi ń bá eléré sọ̀rọ̀. Ní àwọn pápá kan, iná aláwọ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà.

Àsíá aláwọ̀ ìyeyè ń sọ pé ewu wà níwájú: kí olúkúlùkù dẹ ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya ẹlòmíràn sílẹ̀. Bóyá ọkọ̀ kan ti kọlu ògiri táyà, tí ẹni inú rẹ̀ kò tíì rí ọ̀nà jáde. Ní àkókò náà, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò gbọdọ̀ sọ ìṣubú ẹnìkejì di èrè. Àsíá pupa ń pàṣẹ pé kí gbogbo eré dúró. Àsíá dúdú ń lé ẹni tí ó rú òfin kúrò lójú pápá. Àsíá onígun dúdú àti funfun, tí ó dà bí ojú ọpọ́n dírááfù, ni ó ń parí ìdíje.

Ṣùgbọ́n àsíá búlúù ni ó ṣòro jù lọ láti gbọ́ràn sí. Ohun tí ó ń sọ fún eléré ni pé: ẹni tí ó yára jù ọ́ lọ ti fi odindi ìyípo kan ṣáájú rẹ, ó sì ti lé ọ bá, jẹ́ kí ó kọjá. Kò sí ewu níwájú eléré náà, kò sì ṣẹ̀. Síbẹ̀, a ní kí ó yẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìgbéraga a máa bínú sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ṣe oríkunkun kò ní tipa bẹ́ẹ̀ yára sí i. Yóò kàn ba eré ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn jẹ́ ni. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí eré náà fi ń fi àsíá búlúù mọ ẹni tí ó gbọ́n. Ẹni tí ó yẹ̀ lónìí mọ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó lè jẹ́ òun ni yóò máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ohun tí olùṣọ́ kò rí

Ẹ jẹ́ kí a gbé àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ká ní ìyípo ìkẹyìn ni. Eléré kan fi imú ọkọ̀ rẹ̀ gbá ẹni iwájú ní kọ́nà, onítọ̀hún yà kúrò lójú ọ̀nà, òun sì gba ipò rẹ̀. Olùṣọ́ kọjú sí ibòmíràn. Kò sí àsíá tí ó gbé sókè. Ẹni tí ó ṣe é nìkan àti ẹni tí a ṣe é sí ni wọ́n mọ̀.

Ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú rẹ̀. Ó lè máa sáré lọ, kí ó gba àtẹ́wọ́. Ó sì lè dẹ ẹsẹ̀, kí ó dá ipò náà padà fún ẹni tí ó ni ín kí wọ́n tó dé òpin. Bí ó bá tọ ọ̀nà kìíní, alẹ́ ọjọ́ náà ni yóò jèrè. Láti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kò sí ẹni tí yóò fi àyè sílẹ̀ fún un mọ́. Ẹni tí ó gbá náà yóò máa wá ọ̀nà láti gbẹ̀san. Àwọn yòókù yóò sì rí i pé ẹni tí ń pa òfin mọ́ ni ó ń pàdánù. Díẹ̀díẹ̀, eré yóò di ìjà, àwọn tí ó fẹ́ràn àlàáfíà yóò sì jókòó sílé. Bí ó bá tọ ọ̀nà kejì, ipò kan ṣoṣo ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, pápá náà sì wà fún gbogbo wọn.

Yorùbá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹni tí kò bá wo ẹ̀yìn wo ohun tí ó fi gba ipò rẹ̀ kò tíì dàgbà, bí ó ti wù kí ó yára tó.

Ìdíje láìsí ọ̀tá

Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Lábẹ́ igi, ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aláyò a jókòó ti ọpọ́n oníhò méjìlá pẹ̀lú ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta. Ọ̀ta a máa fi ọ̀pè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran a sì máa pariwo. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ jí ọmọ ayò, nítorí pé ọ̀la ni wọn yóò tún pàdé.

Maiduguri pàápàá mọ iye tí ìdíje àlàáfíà tó. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù El-Kanemi Warriors gba ife ẹ̀yẹ Challenge Cup ti orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1991 àti 1992. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjàgídíjàgan gbilẹ̀, tí ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìlànà pàjáwìrì ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, òfin kónílé-ó-gbélé sọ alẹ́ di àkókò ìbẹ̀rù. Fún ìgbà kan, ìta ìpínlẹ̀ Borno ni ẹgbẹ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù tí ó yẹ kí ó gbá nílé. Ìlú tí ó ti rí irú èyí mọ̀ pé àǹfààní láti péjọ ní alẹ́, kí a díje, kí ẹnìkan borí, kí gbogbo ènìyàn sì padà sílé láìfarapa, jẹ́ ẹ̀bùn tí òfin àti ìfọkàntán ń pa mọ́.

Láti pápá dé oríta

Lójú pópó, àsíá búlúù ni fèrè ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Àsíá ìyeyè ni ọmọ ilé-ìwé tí ń sọdá. Àsíá pupa ni ọwọ́ tí òṣìṣẹ́ ojú pópó nà sókè. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìsédò Alau ya, tí omi wọ Maiduguri, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó sá kúrò ní ilé wọn. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó fi ọkọ̀ dí ẹnu afárá nítorí pé òun ni yóò kọ́kọ́ kọjá ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn dí i. Kò sí ẹni tí ó lè kọ́ ìwà yíyẹ̀ fún ẹnìkejì ní ọjọ́ ìjàǹbá bí kò bá ti fi kọ́ra ní ọjọ́ lásán.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Ní pápá, ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni ó borí. Ní ojú pópó, kò sí ẹni tí ó borí. Gbogbo ẹni tí ó délé láàyè ni ó jèrè. Ẹni tí ó bá sọ títì di pápá eré ìje rú òfin, ó sì fi ẹ̀mí àwọn tí kò bá a díje wewu.

Ojúṣe ẹni tí ó gbé àsíá

Kì í ṣe eléré nìkan ni òfin dè. Bí olùṣọ́ pápá bá ń gbé àsíá dúdú sí àlejò, tí ó sì ń di ojú rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àsíá náà ti di aṣọ lásán. Bákan náà ni òṣìṣẹ́ tí ń gba owó ẹ̀yìn ní oríta, àti ọ̀gá tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í dúró fún ẹnikẹ́ni. Ìjọba tí ó fẹ́ kí ará ìlú bọ̀wọ̀ fún òfin gbọ́dọ̀ rí i pé òfin kan náà ni a kà sí etí gbogbo ènìyàn, pé ìwọ̀n kan náà ni a fi wọn wọ́n, àti pé ẹni tí ó gbé àsíá kò ní ẹ̀gbẹ́ kan tí ó ń gbè sí. Nígbà náà ni ará ìlú yóò lè pa òfin mọ́ níbi tí olùṣọ́ kò sí, láìrò pé òun nìkan ni òmùgọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí nìdí tí a fi ń ka òfin sí etí ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?
2. Ìgbà wo ni ẹ gbẹ̀yìn rí ẹni tí ó dá àǹfààní tí kò tọ́ padà láìsí ẹni tí ó fipá mú un? Kí ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ?
3. Kí ni ó yẹ kí ará ìlú ṣe bí ẹni tí ó gbé àsíá bá ń gbè sẹ́yìn ẹnìkan?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan oríta kan ní àdúgbò wọn, kí wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí awakọ̀ kan yẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí òṣìṣẹ́ nítòsí. Kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ náà wá sí ìpàdé tí ń bọ̀.