Pánẹ́ẹ̀lì márùn-ún ní dọ́là 2: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́ sí Ṣáínà

Màmá mi ń sin adìyẹ lẹ́yìn ilé wa ní Abẹ́òkúta, èmi ni mo sì ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sàba ẹyin. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà: àpótí pákó, gílóòbù méjì, Arduino Nano kan, sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ooru, àti relay tó ń tan gílóòbù tó sì ń pa á. Ẹ má bi mí nípa NEPA, inverter kékeré kan wà fún ìyẹn. Ẹyin adìyẹ ń fẹ́ ooru bíi 37.5°C fún ọjọ́ 21. Ní òru ọjọ́ kẹtàdínlógún, wáyà kan tú lára Veroboard tí mo to gbogbo rẹ̀ sí. Kílẹ̀ tó mọ́, àpótí ti tutù bí omi àmù. Nínú ẹyin 40, mẹ́ta péré ló di òròmọdìyẹ. Màmá mi ò tiẹ̀ bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ tí o ń ka sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì." Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo Veroboard rí mọ̀ ọ́n: pátákó oníhò tí èèyàn ń fi wáyà so ibí mọ́ ọ̀hún títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó dára fún ìdánwò. Àmọ́ ohun tó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, pánẹ́ẹ̀lì gidi ló yẹ ẹ́, irú èyí tẹ́ ẹ máa ń rí tí wọ́n bá tú rédíò. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ló lè ní kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún òun. Irọ́ ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò lè ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá. Ẹ lọ sí Ìtòkú, ẹ béèrè àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Àwọn aládìrẹ á fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ funfun, wọ́n á rì í sínú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò ò ní mu aró. Pánẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ látorí pátákó fáíbà tí wọ́n lẹ bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́. Nínípọn bàbà náà kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.035 lọ. Wọ́n á fi nǹkan bo ojú ọ̀nà tí a fẹ́ kí iná gbà, wọ́n á wá gbé e sínú kẹ́míkà tó ń jẹ bàbà. Ibi tí wọ́n bò á ṣẹ́ kù, ìyókù á lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé aró ń fi kún aṣọ, kẹ́míkà ń yọ kúrò lára bàbà. Èèyàn lè fi ferric chloride ṣe é nílé. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ba ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́, àwọn ihò tí mo fọwọ́ lu ò sì tò dáadáa. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu jàre.

Ohun tẹ́ ẹ nílò ni KiCad. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó kọ́kọ́ ya àwòrán tó ń sọ ohun tó so mọ́ra, lẹ́yìn náà ẹ ó to àwọn èlò yín sórí pánẹ́ẹ̀lì, ẹ ó sì fa ọ̀nà bàbà láàárín wọn. Ibi ọ̀nà yìí lẹ ti gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Fún iná ampere 1, ọ̀nà tó fẹ̀ tó mìlímítà 0.3 á gbé e láì gbóná jù. Gílóòbù mi méjèèjì pọ̀, wọn ò tó ampere 1, síbẹ̀ mìlímítà 2 ni mo ṣe tiwọn, torí fífẹ̀ ọ̀nà ò fi kọ́bọ̀ kún owó. Ibi tí iná NEPA gbà, mo fi mìlímítà 8 sílẹ̀ láàárín òun àti apá Arduino tó ń lo volt 5. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ohun tí bátìrì ń gbé ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá parí, KiCad á kó iṣẹ́ yín jáde ní fáìlì tí wọ́n ń pè ní Gerber. Ẹ ó dì í sínú zip, ẹ ó gbé e sórí ojú-òpó ilé-iṣẹ́ bíi JLCPCB tàbí PCBWay ní Ṣáínà. Wọ́n á bi yín ní ìbéèrè rẹpẹtẹ: àwọ̀, nínípọn, ohun tí wọ́n á fi bo bàbà. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe bá a, àwọ̀ ewé àti mìlímítà 1.6 ti tó. Dọ́là 2 ni mo san fún márùn-ún, tí òró àti ìbú wọn ò ju mìlímítà 100 lọ.

Ṣùgbọ́n owó pánẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń pa èèyàn, owó ọkọ̀ ni. Ó ju dọ́là 2 yẹn lọ ní ìlọ́po púpọ̀, tẹ́ ẹ bá tún wá fẹ́ kó yá, ó tún lé sí i. Ìdí nìyẹn tí àwa mẹ́ta fi para pọ̀: ọ̀kan ń ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn omi inú ilẹ̀, ọ̀kan ń ṣe amplifier, èmi ń ṣe ti ẹyin. Àpò kan ló gbé gbogbo rẹ̀ wá, a pín owó ọkọ̀ sọ́nà mẹ́ta.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló dé. Ó ń dán! Orúkọ màmá mi wà lára rẹ̀ ní funfun. Mo mú relay, mo fẹ́ kì í bọ ihò, kò wọlé. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Àṣé nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ nínú KiCad, relay ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún kan tó jọ tèmi ni mo mú. Ẹsẹ̀ márùn-ún ni lóòótọ́, àyè àárín wọn ló yàtọ̀. Márààrún ló sì ní àṣìṣe kan náà.

Transistor náà tún wà níbẹ̀. 2N3904 ni mo yà, BC547 ni mo rí rà. Tí ojú wọn tó tẹ́ pẹrẹsẹ bá kọ sí yín, ẹsẹ̀ 2N3904 láti òsì ni emitter, base, collector; ti BC547 ni collector, base, emitter. Ìyẹn rọrùn, mo kàn yí i kẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí ni. Relay ni ò gbóògùn.

Ohun tí ì bá gbà mí ò tó owó búrẹ́dì. KiCad lè tẹ àwòrán pánẹ́ẹ̀lì jáde ní ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, 1:1. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má tẹ "fit to page" o, ìyẹn á yí ìwọ̀n rẹ̀ padà. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Tó bá pé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu àwọn ihò, kẹ́ ẹ wá ki gbogbo èlò yín bọ̀ ọ́ níkọ̀ọ̀kan. Tí ẹsẹ̀ kan bá kọ̀, orí páálí ló ti kọ̀ yẹn, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Pépà ò lè sọ ti transistor fún yín ṣá, datasheet rẹ̀ ló ń sọ ìyẹn. Torí náà, ẹ ra àwọn èlò kẹ́ ẹ tó ránṣẹ́.

Mo tún un yà, mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà lẹ́ẹ̀mejì, mo dúró de àwọn ọ̀rẹ́ mi títí tí àwọn náà fi ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe, a tún ránṣẹ́. Relay wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹyin 36 ló wà nínú àpótí bí mo ṣe ń kọ èyí, ọjọ́ kọkànlá rẹ̀ nìyí. Màmá mi ṣì ń jí lóru lọ wo bóyá gílóòbù tàn.